Ọjọ́ Àìkú Kan ní Àbújá, Ọjọ́rú Kan ní Washington

Ọjọ́ Àìkú ló bọ́ sí, January 8, 2012. Ilé Aṣojú-ṣòfin Nàìjíríà kì í jókòó lọ́jọ́ Àìkú, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn wọ́n pé jọ ní Àbújá. Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí ìjọba Ààrẹ Goodluck Jonathan yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo bẹntiróòlù. Lítà kan tí à ń rà ní ₦65 ti di ₦141, ibòmíràn sì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Owó ọkọ̀ ti fò sókè, àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sì ti kéde pé bí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé bá mọ́, kò sẹ́ni tó ń lọ síbi iṣẹ́. Kí àwọn aṣòfin tó túká, wọ́n ṣe nǹkan méjì. Wọ́n ní kí ìjọba dá owó epo padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n sì dá ìgbìmọ̀ tẹ́ẹ́kótó kan sílẹ̀ láti tú iṣu dé ìsàlẹ̀ ìkòkò lórí owó ìrànwọ́ náà: iye tó yẹ kó jẹ́, iye tí wọ́n ń san, àti àwọn tí wọ́n ń san án fún.

Ní Ọjọ́rú, February 7, 1973, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà ilẹ̀ Amẹ́ríkà dìbò ní Washington lórí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní June ọdún tó ṣáájú, ọlọ́pàá mú ọkùnrin márùn-ún tó já wọ ọ́fíìsì ẹgbẹ́ òṣèlú Democratic nínú ilé ńlá tí wọ́n ń pè ní Watergate. Ní November, Ààrẹ Richard Nixon, ọmọ ẹgbẹ́ Republican, wọlé ìbò lẹ́ẹ̀kejì, ìpínlẹ̀ 49 nínú 50 ló dìbò fún un. Lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, ọ̀rọ̀ àwọn tó já wọ ọ́fíìsì náà ti parí. Síbẹ̀, aṣòfin àgbà 77 ló dìbò pé kí ìwádìí ó wáyé. Kò sí ẹyọ ẹnì kan tó dìbò pé rárá.

Ìgbìmọ̀ méjì yìí ni mo fẹ́ gbé ka ìwọ̀n. Irú ìjọba tí Amẹ́ríkà ń ṣe ni àwa náà gbà ní 1979, a sì gba ìgbìmọ̀ olùwádìí mọ́ ọn. Nígbà tí ìwádìí kan bá já sí òfo nílùú wa, ohun tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn ni pé agbára àwọn aṣòfin wa kò tó. Mo ti ka ohun tó wà nínú ìwé òfin méjèèjì, n kò gbà bẹ́ẹ̀. Agbára wà. Ọjọ́ tí wọ́n dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ ni nǹkan ti ń wọ́: ẹni tí wọ́n yàn, àwọn tí wọ́n fi yí i ká, àti ohun tí wọ́n kọ sínú ìpinnu tó gbé ìgbìmọ̀ náà dìde.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ìwé òfin. Èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà kọ ní 1787 kò sọ gbólóhùn kan ṣoṣo pé ilé aṣòfin lè wádìí ìjọba. Ìṣe ni wọ́n fi sọ ọ́ di ẹ̀tọ́. Ní 1791, àwọn ọmọ onílẹ̀ ṣẹ́gun àwọn ọmọ ogun tí ọ̀gágun Arthur St. Clair kó lọ bá wọn jà, wọ́n sì pa wọ́n nípakúpa. Lọ́dún kejì rẹ̀, ilé aṣojú dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ láti mọ ohun tó fa ìṣubú náà. Wọ́n béèrè ìwé ogun lọ́wọ́ ìjọba Ààrẹ George Washington, wọ́n sì rí i gbà. Ó di 1927 kí ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ tó fọwọ́ sí i pátápátá, nínú ẹjọ́ McGrain àti Daugherty, pé ilé aṣòfin lè fi tipá pe ẹlẹ́rìí, torí pé ẹni tí kò mọ bí nǹkan ṣe ń lọ kò lè ṣòfin tó gún.

Ọdún 135 ló gbà wọ́n. Tiwa wà lákọsílẹ̀. Abala 88 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 sọ pé ilé kọ̀ọ̀kan lè ṣe ìpinnu, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ ilé tàbí ìwé ìkéde ìjọba àpapọ̀, kí wọ́n sì wádìí ẹnikẹ́ni tàbí iléeṣẹ́ ìjọba yòówù tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti mú òfin wọn ṣẹ tàbí láti ná owó tí wọ́n fọwọ́ sí. Abala 89 fún wọn lágbára láti pe ẹlẹ́rìí, láti mú un búra, láti gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá sì kọ̀ tí kò wá, wọ́n lè fún ọlọ́pàá ní ìwé àṣẹ kí wọ́n lọ gbé e. Ààlà tí òfin pa síbẹ̀ kò le. Ìwádìí gbọ́dọ̀ jẹ́ láti ṣòfin, láti tún òfin tó wọ́ ṣe, tàbí láti tú àṣírí ìwà ìbàjẹ́, àìṣiṣẹ́bíiṣẹ́ àti ìfowóṣòfò. Ẹ̀tanú kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìgbẹ̀san kò sí níbẹ̀. Nígbà tí àwọn aṣòfin àgbà pe Tony Momoh, olóòtú Daily Times, ní 1980 nítorí ohun tí ìwé ìròyìn rẹ̀ kọ nípa wọn, ó gbé wọn lọ sílé-ẹjọ́, ọ̀rọ̀ náà dé kòtẹ́milọ́rùn, ó sì hàn gbangba pé wọn kò fún ilé aṣòfin ní agbára yìí kí ó lè máa fi gbé ara rẹ̀ ga.

Nítorí náà, bó bá jẹ́ ti ìwé, ọwọ́ wa le ju tiwọn lọ.

Ohun mìíràn tún wà tí ó yẹ ká fi yin Àbújá, àwọn tó sì ń sọ̀rọ̀ nípa 2012 kì í sábà dárúkọ rẹ̀. Ní Washington, ẹgbẹ́ Democratic ló pọ̀ jù nílé aṣòfin àgbà, ọmọ ẹgbẹ́ Republican sì ni Ààrẹ. Alátakò ló ń wádìí alátakò, ẹran ọdẹ rìn wá sẹ́nu ọ̀nà ni. Ní Àbújá, ẹgbẹ́ PDP ló ni Ààrẹ, òun náà ló pọ̀ jù nílé, òun náà ni ẹgbẹ́ Abẹnugan Aminu Tambuwal. Kò sẹ́ni tí ì bá dá wọn lẹ́bi bí wọ́n bá dákẹ́ títí di ìgbà ìjókòó tó kàn. Wọ́n kò dákẹ́. Òótọ́ ni pé ariwo ìta ló tì wọ́n, torí lọ́jọ́ kejì ni àwọn èèyàn tú síta láti Kano dé Èkó, tí pápá Gani Fawehinmi ní Ọjọ́ta kún fọ́fọ́. Ṣùgbọ́n ariwo ìta kì í gba ẹnu aṣòfin tí kò bá fẹ́ kó wọlé. Ìgboyà ni ọmọ ẹgbẹ́ Ààrẹ fi ń dìbò tako ohun tí Ààrẹ ṣe.

Níbi tí Washington ti yọrí ni bí wọ́n ṣe to ìgbìmọ̀ tiwọn. Mike Mansfield, olórí àwọn tó pọ̀ jù nílé, ló wà nídìí ètò náà. Edward Kennedy ti ń tọ́ ọ̀rọ̀ náà wò nínú ìgbìmọ̀ kékeré tí ó jẹ́ alága rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ì bá sì bọ́ sí i lọ́wọ́ tààrà. Ṣùgbọ́n gbogbo ayé mọ̀ pé Kennedy lè díje dupò Ààrẹ lọ́jọ́ iwájú. Bó bá jókòó sórí àga yẹn, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó bá bi ẹlẹ́rìí ni àwọn èèyàn yóò sọ pé ìpolongo ìbò ni. Sam Ervin láti North Carolina ni wọ́n gbé e fún: ẹni ọdún 76, tí ó ti jẹ́ adájọ́ rí kí ó tó di aṣòfin, tí kò sì sí ipò kankan tó tún ń wá lẹ́yìn èyí tó wà. Ìyẹn nìkan ti pa ẹnu ọ̀pọ̀ alátakò mọ́.

Wọn kò wá dúró lórí ìwà rere Ervin. Èèyàn méje ni wọ́n yàn, mẹ́rin láti ẹgbẹ́ Democratic, mẹ́ta láti ẹgbẹ́ Republican. Igbákejì alága, Howard Baker láti Tennessee, ọmọ ẹgbẹ́ Nixon ni. Wọ́n gba agbẹjọ́rò àgbà láti ìta, Samuel Dash, olùkọ́ òfin ní yunifásítì Georgetown. Wọ́n sì fún ẹgbẹ́ tó kéré ní agbẹjọ́rò tiwọn, Fred Thompson, tí ó ní àwọn òṣìṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Ìpinnu náà sọ ohun tí wọ́n fẹ́ wádìí láì fì síhìn-ín sọ́hùn-ún: ìwà tó lòdì sófin tàbí tí kò tọ́ nínú ìpolongo ìbò Ààrẹ ti 1972. Àwọn Republican fẹ́ kí wọ́n fi ìbò 1964 àti 1968 kún un, ilé kọ̀. Mo rò pé ilé ṣe dáadáa, torí ìwádìí tó bá fẹ́ mọ gbogbo nǹkan kì í mọ ìkankan. Wọ́n tún béèrè pé kí iye ọmọ ìgbìmọ̀ dọ́gba; ilé tún kọ̀. Ti èyí kò dá mi lójú tó ti àkọ́kọ́. Wọ́n ya $500,000 sọ́tọ̀ láti fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n sì dá ọjọ́ tí àbọ̀ gbọ́dọ̀ jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n sún un síwájú nígbà tó yá.

Ní Àbújá, orúkọ ẹnì kan ni wọ́n fi gbogbo ara lé. Farouk Lawan láti ìpínlẹ̀ Kano ti wà nílé náà láti 1999. Òun ló ṣíwájú àwọn aṣòfin tó dìde ní 2007, nígbà tí ẹ̀sùn owó àtúnṣe ilé ìjọba kan Abẹnugan Patricia Etteh, ọmọ Ìkirè wa, títí ìyẹn fi kọ̀wé fipò sílẹ̀. Ẹgbẹ́ olóòótọ́ ni Lawan àti àwọn tó tẹ̀ lé e ń pe ara wọn, òun sì ni gbogbo èèyàn mọ̀ sí ojú ẹgbẹ́ náà. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní January 2012, ara tu ọ̀pọ̀ èèyàn. Orúkọ rere sàn ju wúrà lọ lóòótọ́. Àmọ́ ṣé ìgbìmọ̀ tó ń wádìí ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù náírà, tí àwọn tí wọ́n ń wádìí sì jẹ́ ẹni tó lè fi owó ra ilé ní òpópónà tó wù wọ́n, kò yẹ kó ní odi mìíràn bí kò ṣe orúkọ alága rẹ̀? Ìbéèrè yìí ni n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè lọ́jọ́ Àìkú yẹn.

Síbẹ̀, ẹ wo iṣẹ́ tí ìgbìmọ̀ Àbújá ṣe. Láàárín oṣù mẹ́ta péré, wọ́n pe àwọn oníṣòwò epo, àwọn ọ̀gá NNPC, àwọn tó ń ṣètò owó epo, wọ́n pe iléeṣẹ́ ìṣúná, gbogbo rẹ̀ lójú tẹlifíṣọ̀n. Ní April 18, 2012, wọ́n gbé àbọ̀ sílẹ̀. Bọ́jẹ́ẹ̀tì 2011 ya ₦245 bílíọ̀nù sọ́tọ̀ fún owó ìrànwọ́; ohun tí ìgbìmọ̀ rí pé wọ́n ti san jẹ́ ₦2.587 tírílíọ̀nù, ìlọ́po mẹ́wàá ó lé. Àwọn tó ń kó epo wọlé lábẹ́ ètò náà kò ju mẹ́fà lọ ní 2006. Ní 2011 wọ́n ti di 140, àwọn kan nínú wọn kò sì ní ibi tí wọ́n ń tọ́jú epo sí. Ìgbìmọ̀ náà rí i pé ní January 2009, láàárín ọjọ́ kan sí èkejì, wọ́n san ₦999 mílíọ̀nù jáde lẹ́ẹ̀mejìdínláàádóje, iye kan náà, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní kí àwọn tọ́rọ̀ kàn dá owó tó lé ní ₦1 tírílíọ̀nù padà. Bí mo bá ní kí n fi ìyára àti ìwúwo ohun tí wọ́n rí ṣe òṣùwọ̀n, n kò mọ ìgbìmọ̀ mìíràn nílé aṣòfin wa tó ṣe tó bẹ́ẹ̀.

Ìgbìmọ̀ Ervin lọ́ra ju ìyẹn lọ. May 17, 1973 ni wọ́n tó jókòó níta gbangba, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tí wọ́n fi ń gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu àwọn ẹlẹ́rìí ní yàrá. Ní June, John Dean, tó ti jẹ́ agbẹjọ́rò fún ọ́fíìsì Ààrẹ, ka ìwé ojú ewé 245 níwájú wọn, ó sì sọ pé Nixon fúnra rẹ̀ mọ̀ nípa bíbo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Ó wá ku ọ̀rọ̀ ẹni méjì: Dean sọ tirẹ̀, Ààrẹ ní irọ́ ni. Ohun tó tú kókó náà kò wáyé lójú tẹlifíṣọ̀n rárá. Ní Ọjọ́ Ẹtì, July 13, nínú yàrá kan tí àwọn òṣìṣẹ́ ìgbìmọ̀ ti ń bi Alexander Butterfield, tó ti bá Nixon ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì Ààrẹ, léèrè ọ̀rọ̀, Donald Sanders bi í bóyá ọ̀nà kan wà tí wọ́n fi ń gba ohùn Ààrẹ sílẹ̀. Butterfield ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀rọ wà nínú ọ́fíìsì rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ tó kéré ni Sanders. Ẹ̀gbẹ́ ọmọ Republican ló ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, Fred Thompson, tòun náà jẹ́ ti ẹ̀gbẹ́ yẹn, béèrè ìbéèrè kan náà níwájú gbogbo orílẹ̀-èdè.

Mo ti ronú lórí ìtàn yẹn gan-an. Ká ní ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ló wà nínú yàrá, bóyá wọn ì bá béèrè, bóyá wọn kò ní béèrè. Ṣùgbọ́n bí ẹgbẹ́ alátakò bá dá ìbéèrè náà béèrè, ó dájú pé àwọn ti Nixon ì bá ní ẹ̀tàn ni. Ìgbà tó jẹ́ òṣìṣẹ́ tiwọn ló béèrè rẹ̀, kò sí ohun tí wọ́n lè sọ.

Kì í sì ṣe pé àwọn èèyàn Washington mọ́ ju àwọn èèyàn Àbújá lọ. Howard Baker, igbákejì alága, ti yọ́ lọ bá Nixon sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀ ní February 1973, kí ìwádìí tó gbérasọ. Thompson náà sọ nígbẹ̀yìn pé òun ta agbẹjọ́rò Ààrẹ lólobó nípa ohun tí Butterfield fẹ́ wá sọ. Ohun tí èèyàn lè fi ba ìwádìí jẹ́ wà lọ́wọ́ wọn. Ohun tí kò jẹ́ kó bàjẹ́ ni pé kì í ṣe Baker nìkan, kì í ṣe Ervin nìkan, kì í ṣe Thompson nìkan ló wà nínú ìgbìmọ̀ náà. Ibi yòówù kí ẹnì kan fì sí, ẹlòmíràn wà níbẹ̀ tó ń wò ó, tó sì ní ìwé kan náà lọ́wọ́.

Ní Àbújá, kò sẹ́ni tó ń wo ẹnì kankan. Ní April 24, nígbà tí ilé ń gba àbọ̀ náà wọlé, Lawan dìde, ó ní kí wọ́n yọ orúkọ iléeṣẹ́ epo méjì kúrò nínú àwọn tí ìgbìmọ̀ bá wí. Zenon, iléeṣẹ́ Femi Otedola, wà lára wọn. Ilé gbà. Ní June, ìròyìn jáde pé Lawan ti gba dọ́là lọ́wọ́ Otedola. Otedola ní àwọn aláàbò ló bá òun ṣètò rẹ̀, pé òun fẹ́ tú àṣírí ni; Lawan náà ní òun gba owó náà láti fi ṣe ẹ̀rí ni. Ilé yọ ọ́ nípò alága, wọ́n dá orúkọ iléeṣẹ́ náà padà sínú àbọ̀. Àmọ́ ẹ gbìyànjú láti ro ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sí ojú ewé yòókù. Láti ọjọ́ náà lọ, gbogbo ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú àbọ̀ lè nawọ́ sí alága kí ó sì béèrè pé, “Ṣé ẹni yìí ló fẹ́ wádìí mi?”

Ẹjọ́ Lawan bẹ̀rẹ̀ ní 2013. Ní June 2021, ilé-ẹjọ́ gíga ní Àbújá dá a lẹ́bi, ó ní kí ó lọ ṣẹ̀wọ̀n ọdún méje. Ní 2022, kòtẹ́milọ́rùn yọ ẹ̀sùn méjì kúrò, ó fi ẹ̀sùn $500,000 tó gbà sílẹ̀, ó sì dín in kù sí ọdún márùn-ún. Ní January 2024, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ fọwọ́ sí i. Ọdún méjìlá ló gbà láti ọjọ́ tí wọ́n dá ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀, nígbà tí ìjọba tuntun ti yọ owó ìrànwọ́ epo náà fúnra rẹ̀ ní May 2023.

Kò sí ìkankan nínú ìgbìmọ̀ méjèèjì tó lágbára láti fi ẹnikẹ́ni sẹ́wọ̀n. Abala 62 nínú ìwé òfin wa sọ ọ́ gbangba: ìgbìmọ̀ lè dábàá, ilé ló ń pinnu. Ìgbìmọ̀ Ervin tilẹ̀ pàdánù ẹjọ́ tí wọ́n pè láti gba téèpù Nixon. Kòtẹ́milọ́rùn kò dá wọn láre. Ẹlòmíràn ló gba téèpù náà, ìyẹn olùpẹjọ́ pàtàkì, nígbà tí ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ ọ́ ní July 24, 1974 pé Ààrẹ gbọ́dọ̀ gbé e sílẹ̀. Adájọ́ mẹ́jọ ló dá ẹjọ́ náà, ẹnu wọn sì kò. Ní August 9, Nixon fipò sílẹ̀. Iṣẹ́ ìgbìmọ̀ ni láti mú kí àwọn tó lágbára yẹn ní nǹkan tí wọ́n lè gbà gbọ́. Ibẹ̀ ni àbọ̀ Àbújá ti jábọ́. Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ tirẹ̀ dìde lábẹ́ Aigboje Aig-Imoukhuede láti tún ìwé owó náà yẹ̀ wò, orí iṣẹ́ ìyẹn ni EFCC gbé púpọ̀ nínú ẹjọ́ rẹ̀ kà. Ẹni tí wọ́n wádìí ni ó tún wá di ẹni tó ń yan olùwádìí.

Ohun tí mo ń fẹ́ kò nílò àtúnṣe ìwé òfin. Ìpinnu tó ń dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ lè sọ pé igbákejì alága gbọ́dọ̀ wá láti ẹgbẹ́ mìíràn. Pé agbẹjọ́rò tí kì í ṣe aṣòfin ni yóò máa bi ẹlẹ́rìí ní ìbéèrè àkọ́kọ́. Pé alága kò gbọ́dọ̀ dá nìkan pàdé ẹni tí wọ́n ń wádìí. Pé orúkọ kan kò lè kúrò nínú àbọ̀ láì jẹ́ pé gbogbo ìgbìmọ̀ dìbò, kí wọ́n sì kọ ìdí rẹ̀. Abala 128 fún àwọn ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ní agbára ìwádìí kan náà, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kan Ìkẹjà, Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Àkúrẹ́, Ado-Èkìtì àti Òṣogbo.

Níbẹ̀ ni ìṣòro tó le jù wà. Lẹ́yìn ìbò 2023, ẹgbẹ́ kan ló ní ìjókòó 38 nínú 40 nílé aṣòfin Ìpínlẹ̀ Èkó. Níbi tí nǹkan bá rí báyẹn, ibo ni wọn yóò ti rí Howard Baker tiwọn? N kò rò pé wọn yóò rí i láàárín ara wọn. Agbẹjọ́rò àti oníṣirò owó láti ìta ló kù, èèyàn tí kò jẹ ẹgbẹ́ òṣèlú kankan lówó, tí orúkọ wọn gbọ́dọ̀ wà nínú ìpinnu náà kí wọ́n tó pe ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́.